Iná Pupa Inú Ọkọ̀ Bàbá Bímpé

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ni iná náà kọ́kọ́ tàn. Lois ló ń wa ọkọ̀, ó ń yà kúrò ní Áfẹ́níù Kejì ní Festac. Bó ti yí sítíárìn sápá òsì báyìí ni iná pupa kékeré kan là lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ dé ojú ọ̀nà tó gún, iná kú. Obìnrin náà rò pé oòrùn ló ń ṣe òun lójú. Ó dé kọ́nà kejì, iná tún là. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu géètì ilé wọn ní Áfẹ́níù Karùn-ún, iná ọ̀hún kò kú mọ́, ó ranjú mọ́ ọn bí ẹni tó ní ẹjọ́ í rò.

Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti sùn lọ lórí àga, orí rẹ̀ fara ti gíláàsì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò rí i.

Ká ní ọdún tó kọjá ni, ta ló jẹ́ kí iná kan tàn nínú Pijó yẹn kí Olúgbóyèga ọkọ rẹ̀ máà mọ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òun sì ni ọ̀gá ọgbà ọkọ̀ ní iléeṣẹ́ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 1980 ló ra Pijó 504 náà ní tuntun, aláwọ̀ mílíìkì, ọdún kan náà tí wọ́n bí Bímpé, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbejì ni Bímpé àti ọkọ̀ náà, àti pé Táíwò ló ń sùn ní gáréèjì. Bímpé ti lọ sílé ọkọ ní Àbújá. Pijó ṣì wà níbẹ̀. Kò sí bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe lè húkọ́ tí bàbá náà kò ní mọ ibi tí ikọ́ ti wá.

Lois ní tirẹ̀ mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Pijó ti wọ ilé wọn, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rí. Kí ló fẹ́ wá débẹ̀? Ẹni tó ni ibẹ̀ wà níbẹ̀.

Àfi ìgbà tó di oṣù kẹta ọdún 2006 yẹn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé bàbá ṣánlẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣe dáadáa mọ́, èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ pé, ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ló ń ṣi ilẹ̀kùn gbà bó bá ń jáde. Ó lè fẹ́ rédíò kó ní kí wọ́n gbé bàtà wá. Ó máa ń pe tẹlifíṣọ̀n ní ewúrẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó fẹ́ kí alùfáà kú ìwàásù, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Ẹ kú ìnáwó." Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹnu sábẹ́ ìwé orin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tún la ẹnu rẹ̀ níta mọ́. Nínú ilé pàápàá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà bí omi inú àmù lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Lois ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Raji Rasaki Estate. Lilian, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, yóò nà án lápá, yóò nà án lẹ́sẹ̀, níkẹyìn yóò gbé àwòrán jáde pé kó dárúkọ ohun tó rí. Àwòrán ife. Àwòrán ológbò. Ọkùnrin tó ti pàṣẹ fún ogójì awakọ̀ yóò wo ológbò, yóò wo Lilian, yóò pa ẹnu dé.

"Mọ́mì, ẹ bá mi máa fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn nílé," Lilian sọ fún Lois ní ọjọ́ Ajé yẹn gan-an. "Ìṣìsọ kò burú. Kí wọ́n dákẹ́ pátápátá ló burú."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn Lois nígbà tí iná pupa tún wá ń ranjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó ti mú ọkọ rẹ̀ wọlé, ó padà sínú ọkọ̀, ó fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó tún fà á. Iná kò gbọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ọkọ̀ náà lọ bá Hafeez, mẹkáníìkì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Áfẹ́níù Kẹrin. Hafeez wà lábẹ́ jíìpù olówó kan, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ẹni tó ni jíìpù ti ń pè é lórí fóònù láti àárọ̀. Síbẹ̀ ó jáde wá, nítorí Lois ti kọ́ ọ nílé ìwé rí.

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Iná àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí, irọ́ ni wọ́n máa ń pa. Wáyà ló ti gbó."

"Ṣé kì í ṣe pé bíréèkì fẹ́ bàjẹ́?"

"Ẹ sún un síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ bíréèkì."

Ó sún un, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ dúró.

"Ẹ ti rí i? Bíréèkì pé."

Hafeez ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa nǹkan kan yọ, iná pupa kú. Gílóòbù kékeré kan tí kò tó èékánná ló fà yọ. Ó jù ú sápò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́," ó ní, ó sì tún rá padà sábẹ́ jíìpù. Lois ṣàdúrà fún un, ó wakọ̀ lọ sílé. Ara rẹ̀ kò kàn lélẹ̀ tán ni.

Àárọ̀ ọjọ́rú, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ Lilian. Lois ti ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ jókòó, ó ti de bẹ́líìtì fún un. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó yí i. Bàbá wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó wo bíréèkì ọwọ́ tó wà lókè. Ó tún wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì na ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ibi kan tó ṣókùnkùn níbẹ̀.

"Ọbẹ̀," ó ní.

Lois kọ́kọ́ yọ̀ pé ó sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni o, Bàbá Bímpé."

"Ọbẹ̀." Ó kan gíláàsì dáṣíbọ́ọ̀dù náà kó-kó-kó. "Ọbẹ̀! Ọbẹ̀ ti... ojú ọbẹ̀ dà?"

"Ọbẹ̀ wà ní fíríìjì. Èyí tí mo sè lọ́jọ́ Sátidé kò tíì dé ìdajì."

Ó mi orí pé rárá. Ó gbá bíréèkì ọwọ́ mú, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó fà á sókè, ó tún nàka sí ibi tó ṣókùnkùn ọ̀hún. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti le, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Lois rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú balùwẹ̀ tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ níṣojú òun. Ó pa ọkọ̀, ó sáré wọlé, ó bu ọbẹ̀ ẹja sínú àwo, ó gbé e jáde pẹ̀lú ṣíbí.

Àwo ọbẹ̀ yìí ló wá mú bàbá bínú tán. Ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ jáde, ó ní òun kò wọ ọkọ̀ mọ́. Kò fẹnu sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n bó ti fẹ̀yìn ti géètì, ó sọ ọ́. Fóònù Lois dún. Lilian ni.

"Mọ́mì, ẹ ti pẹ́ o."

"A ò lè wá lónìí," Lois dáhùn. Ó dúró láàárín ọgbà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ kan, àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́ kejì, kò mọ èyí tí ì bá gbé sílẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí bàbá fi wọ́ ẹsẹ̀ lọ síwájú Pijó, ó gbé ọ̀pá sókè, ó sì fi lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbà! Gbà! Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ọmọ aráyé fara ti ọkọ̀ náà, òun ló ń fi igi lù ú. Ẹnu ya Lois. Ó wá yé e pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ebi.

Ó gbé àwo sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ṣé kí n ṣí i ni?"

Bàbá mi orí bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọkọ rẹ̀ ló nàka sí irin tí wọ́n ń fà. Lois fà á, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbéra, ó sì gbé e sókè, ó ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo yàrá tí wọn kò gbà á láyè rí nínú ilé ara rẹ̀. Orí ọ̀pá bàbá rìn kọjá bátìrì, ó rìn kọjá àwọn wáyà, ó dúró lórí ike kékeré kan tó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Wáyà méjì so mọ́ ìdérí rẹ̀. Ìlà méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tíṣà ìṣirò kò níí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹni tí yóò ka ìlà fún un. Ohun tó wà nínú ike náà ti sọ̀ kalẹ̀ ré ìlà ìsàlẹ̀ kọjá, ó ku díẹ̀ kí ìdí ike hàn.

"Ọbẹ̀," bàbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Lois wo ike, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ọ́ìlì bíréèkì," ó ní. "Ọ́ìlì bíréèkì lẹ ń pè lọ́bẹ̀! Ẹ ní ó ti tán!"

Bàbá di ojú, ó mí kanlẹ̀. Ó mi orí bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rín pa Lois, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó ti ń nu ojú ni ohun tí Hafeez fà yọ lánàá wá sí i lọ́kàn. Ó rántí bí òun ṣe ń sá eré lọ sí Raji Rasaki, àwọn tírélà tó ń ti Mile 2 bọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Bímpé, iná yẹn tàn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin ń sùn. Mo ní kí wọ́n pa á."

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ó fi síbẹ̀.

Ó wá ku ibi tí ọ́ìlì náà gbà lọ. Ìkòkò kì í ṣàdédé gbẹ láìsí ẹni tó bu níbẹ̀ tàbí ihò tó ń jò. Lois lọ ra ìgò ọ́ìlì bíréèkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ó rọ ọ́ sí ike náà dé ìlà òkè. Bàbá ní kó jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ bíréèkì. Ìka ló fi sọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́gbọ̀n ìgbà, ó ń kà á síta. Wọ́n wo ilẹ̀, ilẹ̀ gbẹ. Bàbá tọ́ka sí òkìtì ìwé ìròyìn àtijọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tọ́ka sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí kò tilẹ̀ gba ìtumọ̀. Lois tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, kí Lois tó gbé tíì kaná, ó ti rí ọkọ rẹ̀ nínú ọgbà pẹ̀lú pijáámà, ó tẹrí ba bó ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ. Ìwé mẹ́ta gbẹ. Ti ẹ̀yìn lápá òsì ní àbàwọ́n tó tó ọmọrí ife. Lois ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà náà, ó bá a tó tutù, tó ń yọ̀. Ó gbé ìka sí imú ọkọ rẹ̀.

"Ọbẹ̀," bàbá ní. Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọn kò jẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan. Lois mú ìwé kékeré tí ọkọ rẹ̀ ń kọ nọ́ńbà fóònù sí, ó ń ka orúkọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ "Yísà Bíréèkì, Kuje," bàbá fi ọ̀pá kanlẹ̀. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti fóònù ilé àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Obìnrin náà wé gèlè, ó gun ọ̀kadà, ó di Kuje-Amuwo tí kò jìnnà sí Festac.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Àwọn bàbá Alájì Yísà ló ni ilẹ̀ tí àdúgbò náà wà lórí rẹ̀. Ilé tó fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé tó mẹ́fà, kò sì sí ohun tó ní kó máa fọwọ́ kan gírísì mọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ igi furúùtù níwájú ilé bàbá rẹ̀ ló wà, ó ń tún bíréèkì bọ́ọ̀sì kan ṣe. Ó gbójú sókè.

"Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Olúgbóyèga!"

Lois kí i, ó ròyìn ohun tó gbé òun wá. Alájì ń nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà, ó ń nù ún ju bó ti yẹ lọ.

"Mo gbọ́ pé ara Ẹ̀gbọ́n kò yá," ó ní. "Mo tiẹ̀ wá títí dé géètì yín nínú oṣù kẹrin. Mo gbọ́ ohùn wọn látinú ilé, wọ́n ń pe nǹkan lórúkọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba! Ó ká mi lára, mo ṣẹ́rí padà. Ẹ forí jì mí."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ tún bíréèkì ṣe," Lois ní.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Alájì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá lórí kọnkéré. Bàbá mi orí, ó fi ọwọ́ òsì gbà á ní ọwọ́, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Bó ti ń ṣe fún àwọn ará ìta náà ló ṣe fún un.

Alájì fi òkúta dí táyà iwájú, ó ní kí Lois fi bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tú táyà òsì. Ó fi òòlù kan irin rìbìtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi ṣí. Inú rẹ̀ tutù, ó dúdú, ó ń rùn.

"Ẹ wò ó." Ó na irin kan tó dà bí àtàǹpàkò sí wọn, ó fa rọ́bà kékeré kan yọ nínú rẹ̀. Etí rọ́bà náà ti ya. "Ibí ni. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á yọ́ gba ibi tó ya. Kì í kán sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú ibí yìí ló ń gbé e sí, ẹ ò lè tètè rí i. Rọ́bà yìí lé lọ́dún mẹ́wàá, ó ti gbìyànjú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ̀ ẹ́ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ lọ ni."

Lois jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Alájì pààrọ̀ rọ́bà náà, ó pààrọ̀ ti apá ọ̀tún mọ́ ọn, ó ní ẹgbẹ́ ni wọ́n, bí ọ̀kan bá ti lọ, èkejì ń di ẹrù. Ó fi súù bíréèkì tuntun tó ń di táyà mú sí i, nítorí ọ́ìlì ti mu àwọn ti tẹ́lẹ̀ yó. Nígbà tí yóò fi tán, oòrùn ti yí sí ìrọ̀lẹ́. Ó wá ku afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú páìpù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lé e jáde. Ẹnì kan yóò tẹ bíréèkì, yóò dì í mú. Alájì yóò tú nọ́ọ̀tì lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ jáde, yóò dí i padà, ẹni tó tẹ bíréèkì yóò wá gbé ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tètè gbéra kí nọ́ọ̀tì tó dí, afẹ́fẹ́ yóò tún wọlé, iṣẹ́ á di àtúnṣe.

Lois wọ inú ọkọ̀. Bí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni NEPA mú iná, aládùúgbò wọn sì tan jẹnẹrétọ̀. Gbà-gà-gà-gà. Lois kò gbọ́ ohun tí Alájì ń sọ lábẹ́ ọkọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kí àkókò tó tó. Wọ́n tún un ṣe, ó tún gbé e. Alájì jáde, ó nu ojú. Ó wo bàbá tó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dúró síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí mo bá na ìka kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Méjì, kí wọ́n dì í mú. Bí mo bá la ọwọ́, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa pè é."

Lois fẹ́ sọ pé rárá. Ó rí bí páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣe le. Ó rí i tó wo géètì bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alájì kò dúró gbọ́ èsì, ó ti tún rá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn lẹ́bàá táyà. Ìka kan là.

Bàbá dúró. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Ìka náà ń dúró dè é.

"Jẹ... jẹ ẹ́!"

Lois tẹ̀ ẹ́.

Ìka méjì.

"Dìde!"

Lois dì í mú, gbọnin. Àtẹ́lẹwọ́ là.

"Sùn!"

Ó gbé ẹsẹ̀.

"Ó jáde!" Alájì ké lábẹ́ ọkọ̀. "Afẹ́fẹ́ jáde! Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un pè!"

Jẹ ẹ́. Dìde. Sùn. Ọ̀rọ̀ kò bára mu, ṣùgbọ́n àsìkò rẹ̀ bá ara mu réréré, kò yá jù, kò pẹ́ jù, ohùn ọ̀gá tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin. Wọ́n bọ́ sí táyà ọ̀tún. Lois ti mọ́ ọn lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ èyí tí etí rẹ̀ kò rò. Ó tó ẹ̀ẹ̀keje tàbí ẹ̀ẹ̀kẹjọ kó tó fura.

"Tẹ̀ ẹ́," bàbá ní.

Lois tẹ̀ ẹ́.

"Dì í mú."

Ó dì í mú. Omi ti gba ojú rẹ̀, kò sì lè yíjú wo ọkọ rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì.

"Fi sílẹ̀. Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa!"

Ohùn yẹn lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi pa jẹnẹrétọ̀, tó yọjú lórí ògiri láti wò bóyá ìjà ni. Ọgbà dákẹ́ rọ́rọ́. Ohùn Olúgbóyèga nìkan ló kù níbẹ̀. Ó rí aládùúgbò, ó rí ìyàwó aládùúgbò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò dákẹ́. "Dì í mú," ó ní. "Fi sílẹ̀." Títí Alájì fi jáde tó ní ó tó.

Bàbá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lọ́kàn, ó gbé e dé ẹnu, ó ní: "Ẹ káàárọ̀ o."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n," Alájì Yísà dáhùn, kò rẹ́rìn-ín. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn wá rín in.

Ó ku iná. Lois fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Hafeez. Ó sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá nínú táyà fún un láì gbé ohùn sókè. Ojú ọmọkùnrin náà wálẹ̀.

"Mọ́mì, mo rò pé mò ń gbà yín lọ́wọ́ wàhálà ni."

"Mo mọ̀. Ibo ni gílóòbù yẹn wà?"

Ó ti yọ ọ́ kúrò lápò, inú agolo nọ́ọ̀tì ló wà. Hafeez kò fi rán ẹnikẹ́ni, ó tẹ̀ lé Lois délé, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó fi gílóòbù padà sí àyè rẹ̀. Lois ti gbé ọkọ̀ padà sí gáréèjì. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa là, kò sì kú. Hafeez la ẹnu. Alájì, tó ti gbé àpò kọ́ èjìká, gbé àpò sílẹ̀.

Bàbá na ọ̀pá wọ inú ọkọ̀, ó fi orí rẹ̀ kan bíréèkì ọwọ́ tí Lois fúnra rẹ̀ fà sókè nígbà tó gbé ọkọ̀ dúró. Lois sọ ọ́ sílẹ̀. Iná kú. Bàbá ní kí wọ́n sún, ó jókòó, ó fà á sókè, iná là. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, iná kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe é, ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n," Alájì ní kó tó lọ, "ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ń bá mi pè é ti kó lọ sí Ọ̀tà. Ẹ bá mi wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Kò dà bí àánú lẹ́nu rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Lois ròyìn fún Lilian. Lilian kó ológbò àti ife sínú dúrọ́ọ̀, ó fi báírò ya mọ́tò sórí ìwé, ó ní kí bàbá dárúkọ ohun tó wà lára rẹ̀. Nínú mẹ́wàá, ó gba mẹ́rin. Ó pe táyà ní àmọ̀tẹ́kùn. Ṣùgbọ́n wákàtí kan gbáko ló fi gbìyànjú, kò sì pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ọjọ́bọ̀ yípo, Lois gbé e lọ sí Kuje-Amuwo. Ó fẹ́ dúró tì í, bàbá fi ọ̀pá lé e lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló padà wá gbé e. Ó bá a lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi furúùtù, ó ń bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan jiyàn pẹ̀lú ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ díẹ̀. Gírísì bo ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tó wọ ọkọ̀, Lois rí i pé gírísì wà lórí ìka ọwọ́ ọ̀tún náà, mẹ́ta nínú wọn.

Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó já sí títì.

"Kí lẹ ṣe níbẹ̀ látàárọ̀?" ó bi í.

Bàbá wá ọ̀rọ̀ náà lọ. Wọ́n kọjá oríta kan. Wọ́n kọjá èkejì, níbi tí Lois ti tẹ bíréèkì fún obìnrin kan tó pọn ọmọ pé kó kọjá. Lois kò bá a yan ọ̀rọ̀, kò kánjú.

"Iṣẹ́," ọkọ rẹ̀ ní.

Lois yí jíà padà, ó yà sí Áfẹ́níù Karùn-ún.